Inú Rírun Òjijì: Ìbéèrè Ni Kó Ṣáájú Orúkọ

Ní Ìbàdàn, kì í pẹ́ kí inú rírun tó ní orúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Agbowó lè sùn ní àlàáfíà, kí ìrora jí i lóru, kó máa yí gbirigbiri lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá á ti ní ọ́lísà ni, torí pé kò jẹun alẹ́. Ìyá rẹ̀ á pè láti ilé, á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ṣebí òun ti kìlọ̀ fún un nípa gàrí oníṣúgà. Bọ̀dá oníkẹ́míìsì á wò ó lójú, á ní táífọ́ọ̀dù ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, á sì di oríṣiríṣi oògùn sínú ọ̀rá fún un. Orúkọ mẹ́ta ti dé. Síbẹ̀, kò tíì sí ẹni tó bi í pé: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ibo ló ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé ibẹ̀ náà ló ṣì wà báyìí?

Àwọn ìbéèrè yẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, àwọn ló sì lágbára jù lọ lọ́wọ́ dókítà tó ń wá ìdí inú rírun. Ìrora tó ṣàdédé dé, tó le débi pé èèyàn ò lè dúró, kò lè jókòó, lè lọ fúnra rẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Ó sì lè jẹ́ èyí tí yóò pa èèyàn bí kò bá tètè dé ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ. Ní wákàtí àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì lè jọra. Ìtàn ìrora náà, bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ibi tó gbà àti ohun tó ṣáájú rẹ̀, ni a fi ń mọ èkíní yàtọ̀ sí èkejì.

Ohun tó mú kó rí bẹ́ẹ̀ wà nínú bí a ṣe dá ikùn. Ìfun ò mọ gígé, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ jíjó. Oníṣẹ́ abẹ lè fi ọ̀bẹ kàn án nígbà tí ẹni tó ni ín wà lójúfò, kó má sì ní ìmọ̀lára kankan níbẹ̀. Ohun tí ìfun mọ̀ ni pé kí nǹkan fẹ̀ ẹ́ jù, kí ó súnkì jù, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó bá sì ké, ohùn rẹ̀ kì í ṣe ti ìfun nìkan, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara ló ń gba ojú ọ̀nà kan náà wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Nítorí náà ni ọpọlọ ò ṣe lè sọ ju agbègbè lọ. Ohun tó bá ń ṣe àpò oúnjẹ, ẹ̀dọ̀ tàbí òróòro, òkè ikùn la ti ń gbọ́ ọ. Ti ìfun kékeré àti apẹ́ńdíìsì, ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó so mọ́ ìfun ńlá, àyíká ìdodo ni. Ti ìfun ńlá, àpò ìtọ̀ àti ilé ọmọ, ìsàlẹ̀ ikùn ni. Àmọ́ awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tẹ́ gbogbo inú ikùn, iṣan ìmọ̀lára tirẹ̀ sì mọ ojú ibi tí nǹkan ti ń ṣe é dáadáa, gẹ́gẹ́ bí ara wa lóde. Ọjọ́ tí àrùn inú ìfun bá ta bá awọ yẹn, ìrora á kúrò ní àyíká ìdodo, á wá dúró sójú kan, èèyàn á sì lè fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí i. Ìṣípòpadà yẹn jẹ́ ìròyìn ńlá. Ẹni tó bá gbé oògùn mì lẹ́yìn oògùn láì kíyè sí i ti sọ ìròyìn náà nù.

Apẹ́ńdíìsì ló fi èyí hàn jù. Inú á kọ́kọ́ máa run èèyàn ní àyíká ìdodo, oúnjẹ ò ní wù ú, ó lè bì. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ìrora á lọ sí ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún. Bó bá rìn, ó ń dùn ún. Bó bá wúkọ́, ó ń dùn ún. Bí ọ̀kadà tó gbé e bá kó sí kòtò lójú ọ̀nà Bódìjà, á pariwo. Reginald Fitz ní Boston ló fi ìwé rẹ̀ ti ọdún 1886 la àwọn dókítà lójú pé ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni orísun àrùn tí wọ́n ti ń fi orúkọ mìíràn pè tipẹ́. Ọba Edward Keje ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1902 ni wọ́n fẹ́ dé e ládé, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì ṣáájú, inú ọba ti gba ọyún débi pé Frederick Treves ní láti ṣiṣẹ́ abẹ fún un.  Oṣù kẹjọ ni wọ́n tó gbé adé lé ọba lórí.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn òyìnbó gbà pé àrùn yìí ò fi bẹ́ẹ̀ sí lára àwa aláwọ̀ dúdú. Denis Burkitt, tó ti ṣiṣẹ́ ní Uganda, ní oúnjẹ wa tó kún fún fáíbà ló ń dáàbò bò wá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdí, ṣùgbọ́n ewu wà nínú rẹ̀, nítorí dókítà tó bá ti gbà pé nǹkan ò sí kì í wá a. Ní 1979, O. G. Ajao, oníṣẹ́ abẹ ní UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ìbàdàn, kọ̀wé lórí apẹ́ńdíìsì láàrin àwọn èèyàn wa. Ní 1981 ó tún kọ òmíràn lórí gbogbo àìsàn pàjáwìrì inú ikùn. Mo ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ ńlá. Ẹni tó bá jókòó ti àwọn aláìsàn ìlú rẹ̀, tó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ló lè sọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

UCH ti bẹ̀rẹ̀ irú kíkà bẹ́ẹ̀ ṣáájú Ajao. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn náà ní oṣù kọkànlá ọdún 1957, lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti fi ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ kọ́ṣẹ́ fún ọdún bíi mélòó kan, ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń kà. Ìwé wọ̀nyẹn sọ pé ìfun lè wọ inú ara rẹ̀, bí apá bùbá ṣe máa ń ká wọnú nígbà tí a bá ń bọ́ ọ, wọ́n sì sọ pé àrùn ọmọ ọwọ́ ni. Ọmọ á fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè, á ké, á dákẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan, á tún ké; bó bá pẹ́, á ya ìgbẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ àti ikun. Wọ́n ní kì í sábà ṣe àgbàlagbà, bó bá sì ṣe é, kókó burúkú kan ló máa ń wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn oníṣẹ́ abẹ rí lórí tábìlì níbí yàtọ̀. Ní 1964, E. A. Elebute àti A. O. Adesola tẹ ìwádìí wọn jáde lórí àrùn yìí ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Ní 1966, G. J. Cole kọ tirẹ̀ lórí irú èyí tí wọ́n ń rí ní Ìbàdàn gan-an, níbi tí ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá fúnra rẹ̀ ti ń wọ inú ìfun tó wà níwájú rẹ̀. Ó ń ṣe àgbàlagbà, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni wọn kì í rí kókó kankan níbẹ̀.

Ẹ ronú sí ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tí inú ń run. Irú ìfun bẹ́ẹ̀ lè wọlé, kó tún jáde fúnra rẹ̀. Ìrora á dé, á lọ, á tún dé. Bí aláìsàn bá dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ dá, wọn ò ní rí nǹkan, wọ́n á sì ní kó máa lọ sílé. Bó bá sọ ìtàn rẹ̀ pé ó máa ń wá, ó máa ń lọ, pé nígbà tó bá dé nǹkan kan máa ń le sí i lọ́wọ́ lápá ọ̀tún ikùn, dókítà tó mọ Ìbàdàn á fura.

Táífọ́ọ̀dù, tí àwọn àgbà ń pè ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun, yẹ ní ọ̀rọ̀ tó gùn, nítorí òun ni orúkọ tí a máa ń lò jù, òun náà sì ni a máa ń ṣì lò jù. Àrùn gidi ni, ó wà láàrin wa, Ìbàdàn sì wà lára àwọn ìlú Áfíríkà tí àwọn onímọ̀ ti tọpinpin rẹ̀ láti ara ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Ìtàn rẹ̀ kì í fi inú rírun òjijì bẹ̀rẹ̀. Ibà ló máa ń kọ́kọ́ dé, á sì máa ga sí i lójoojúmọ́, orí á máa fọ́ni, oúnjẹ ò ní wù èèyàn. Ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta ni kòkòrò náà lè jẹ ìparí ìfun kékeré lu, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ tú sínú ikùn. Ìgbà yẹn ni ìrora ńlá á wá dé lójijì, ikùn á le, á wú. Ẹni tó ti ń ṣe ibà láti ọ̀sẹ̀ méjì, tí inú wá ṣàdédé mú un, kò ní nǹkan án wá lọ sí kẹ́míìsì mọ́. Iṣẹ́ abẹ ló kàn án, lọ́jọ́ náà.

Ní ìdàkejì, ẹni tí kò ní ibà kankan, tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ní àná, tí wọ́n wá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní láàbù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, tí wọ́n sì kọ táífọ́ọ̀dù sórí ìwé fún un, ó yẹ kó béèrè irú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe. Widal ló máa ń jẹ́. Fernand Widal ló gbé e kalẹ̀ ní Paris ní 1896, ohun tó sì ń wá ni ohun ìjà tí ara ti ṣe sí kòkòrò náà, kì í ṣe kòkòrò fúnra rẹ̀. Ní ìlú tí táífọ́ọ̀dù ti pọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn tára wọn dá ṣáká ló ní ohun ìjà yẹn lára láti ìgbà tí wọ́n ti bá kòkòrò náà pàdé rí. Àyẹ̀wò tó ṣeé gbára lé jù ni pé kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò oúnjẹ kòkòrò, kí wọ́n dúró fún ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n wo ohun tó máa hù. Ó dùn mí púpọ̀ pé ìwé Widal kan ṣoṣo ti mú kí ọ̀pọ̀ apẹ́ńdíìsì bẹ́ nígbà tí ẹni tó ni ín ń lo oògùn táífọ́ọ̀dù nílé. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ọ́lísà náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Oúnjẹ alẹ́ tí èèyàn ò jẹ kọ́ ló ń fà á. Barry Marshall àti Robin Warren ní Ọsirélíà ló tú àṣírí rẹ̀ ní 1982, pé kòkòrò kan tó ń gbé nínú àpò oúnjẹ ni. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ò gbà, Marshall gbé ife kòkòrò náà mu ní 1984, àpò oúnjẹ rẹ̀ sì wú. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Ohun kejì tó ń dá ọgbẹ́ náà sílẹ̀ ni àwọn oògùn ìrora bí áspírìn, ibuprofen àti diclofenac, tí a ń rà láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Dùgbẹ̀ tàbí Challenge. Bí ọgbẹ́ bá lu àpò oúnjẹ já, èèyàn máa ń mọ ìṣẹ́jú tó ṣẹlẹ̀ gan-an: á ní òun ń sáré wọ mọ́tò ni, òun ń ka ìwé ni. Ikùn á le gbagidi, kò sì ní fẹ́ mira rárá. Irú ìrora yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń tún gbé diclofenac sí lórí.

Obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣì gba oyún, tí inú rẹ̀ ṣàdédé ń run, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò oyún fún un kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Oyún lè dúró sí ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ, kó sì bẹ́ níbẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ kún inú láìjẹ́ pé ẹ̀kán kan jáde sóde. Ó lè ṣẹlẹ̀ kí obìnrin náà tó mọ̀ pé òun lóyún rárá. Àmì kan wà tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: èjìká lè máa dùn ún. Ẹ̀jẹ̀ tó dé abẹ́ ẹran tó pààlà àyà àti ikùn ló ń yọ iṣan tó ti inú ọrùn wá lẹ́nu, ọpọlọ wá gbà pé èjìká ló ń ké. Òòyì, ìdákú, ara tútù, èjìká tó ń dunni: ìkankan nínú wọn pẹ̀lú inú rírun kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀ di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ní Birmingham ní 1883 ni Robert Lawson Tait ti kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí tí aláìsàn sì yè. Ohun tó máa ń dí wa lọ́wọ́ nílùú yìí ni ojú tó ń tini. Ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ àti pásítọ̀ dúró tì ò ní lè sọ pé òun ò rí nǹkan oṣù òun. Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó gbọ́n á ní, “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ bá wa dúró síta díẹ̀,” á sì ti ilẹ̀kùn kó tó bi í.

Àwọn tó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde náà wà lára àwọn tí a máa ń ṣì gbọ́. Ìrora ti bá wọn gbé láti kékeré, nítorí náà gbogbo inú rírun wọn ni a máa ń kà sí ti tẹ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wọn tó ń yára fọ́ máa ń di òkúta sínú òróòro, wọ́n sì ní apẹ́ńdíìsì bíi ti ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè tó dára jù fún wọn ni: “Ṣé bó ṣe máa ń ṣe ọ́ tẹ́lẹ̀ nìyí?” Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ gbà wọ́n gbọ́.

Mo kàn máa dárúkọ àwọn yòókù. Kókó tó ń yọ níbi tí itan ti pàdé ikùn, tó máa ń padà wọlé tẹ́lẹ̀, tó wá kọ̀ tí kò wọlé mọ́, tó sì ń dunni, ìfun ló há síbẹ̀. Àtọ̀gbẹ tó ti burú lè dà bí àrùn ikùn, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́ àti òtútù àyà tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Òjé náà ń runni nínú. Ní 1767 ni George Baker fi hàn pé òjé inú ohun tí wọ́n fi ń fún ọtí èso ló ń fa inú rírun àwọn ará Devon. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì Yunifásítì Ìbàdàn náà sì ti kọ̀wé lórí òjé tí pàǹtí bátìrì mọ́tò fi sínú ilẹ̀ lágbègbè ìlú yìí. Ẹni tó ń yọ́ bátìrì, tí inú ń run láìnídìí, kó sọ iṣẹ́ tó ń ṣe fún dókítà.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé ìbéèrè lágbára tó bí mo ṣe ń sọ? Ní ìlú Leeds, ní 1972, F. T. de Dombal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìtàn àwọn aláìsàn 304 tí inú ṣàdédé ń run sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà náà mọ ohun tó ń ṣe wọ́n ní ìdá 91.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Dókítà tó ga jù nípò nínú àwọn tó rí wọn mọ ìdá 79.6. Ariwo kọ̀ǹpútà ni gbogbo èèyàn gbé. Èyí tó wú mi lórí jù tẹ̀ lé e ní 1986, nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà lọ sí ilé ìwòsàn mẹ́jọ, tí aláìsàn 16,737 sì kópa. Wọ́n fún àwọn dókítà ọ̀dọ́ ní fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi bi aláìsàn ní ìbéèrè kan náà, láì fo ọ̀kan, wọ́n sì ń jẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí wọ́n gbà àti èyí tí wọ́n ṣì. Èrò àkọ́kọ́ tó jẹ́ òótọ́ fò láti ìdá 45.6 sí 65.3. Apẹ́ńdíìsì tó ti bẹ́ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ dín kù láti 23.7 sí 11.5. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan tó lè ṣe èyí bí ẹnikẹ́ni ò bá kọ́kọ́ béèrè, kó sì kọ ìdáhùn sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń mú aláìsàn lọ láti Agbowó, kó lo àkókò inú mọ́tò dáadáa. Kó kọ ọ́ sórí fóònù: aago tó bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó wà báyìí, ṣé ó ń lọ tó ń bọ̀ ni àbí kò dáwọ́ dúró, ṣé ìrora ló ṣáájú èébì àbí èébì ló ṣáájú, ìgbà tó rí ìgbẹ́ kẹ́yìn, ìgbà tí afẹ́fẹ́ jáde nídìí rẹ̀ kẹ́yìn, ìgbà tó rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn, bó bá jẹ́ obìnrin, ibà tó ti ń ṣe é láti ìjelòó, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe fún un rí, gbogbo oògùn àti gbogbo àgbo tó ti lò. Kó má jẹun, kó má mu àgbo tó ń mú èèyàn ṣu, kí ẹnikẹ́ni má sì fún un ní oògùn láti ìdí. Ìfun tó ti fẹ́ bẹ́ ò nílò ẹni tí yóò tún tì í. Ní ilé ìwòsàn, kó gba oògùn ìrora bí wọ́n bá fún un. Láyé àtijọ́, àwọn dókítà máa ń bẹ̀rù pé yóò bo àrùn mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìwádìí ti fi hàn pé kì í dí wọn lọ́wọ́ láti mọ ohun tó ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan ò gbọdọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ìdí yòówù kó jẹ́. Ẹni tó bá rú u lè san owó ìtanràn ₦100,000 tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń gbé aláìsàn lọ sí UCH tàbí sí ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ring Road mọ òfin yìí, kó sì lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ dárúkọ ọdún rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, àwọn kan á wà tí wọn ò rí nǹkan lára wọn. Skáànù dára, ẹ̀jẹ̀ dára, ìrora sì ti rọ̀. Wọ́n pọ̀ gan-an. Nínú àwọn tó ń dé ẹ̀ka pàjáwìrì nítorí inú rírun ní gbogbo ayé, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń padà sílé láìní orúkọ tó dájú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ara wọn á dá, tí kò sì ní padà mọ́. Èyí kì í ṣe àìmọṣẹ́ dókítà, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé aláìsàn ń ṣe bojúbojú. Ohun tó burú ni kí wọ́n fi orúkọ èké dí àlàfo náà, kí wọ́n kọ ọ́lísà sínú káàdì rẹ̀, kó sì máa lo oògùn ọ́lísà fún ọdún mẹ́wàá.

Bí ìrora bá sì padà, ìwádìí yẹ kó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn. J. B. Carnett ṣàlàyé ní 1926 pé ìrora lè wà nínú ẹran ara ikùn fúnra rẹ̀, kó má sí nínú ìfun rárá. Dókítà á ní kí aláìsàn dùbúlẹ̀, kó gbé orí sókè kí ikùn le, á wá tẹ ibi tó ń dùn ún. Bó bá dùn sí i, ara ikùn ni kí wọ́n wò. Àyẹ̀wò yìí ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, àwọn kan sì ti ṣe skáànù lẹ́yìn skáànù kí ẹnì kan tó rántí rẹ̀. Obìnrin tí ìrora rẹ̀ ń bá nǹkan oṣù rìn lè ní irú àsopọ̀ inú ilé ọmọ tó ń hù níta ilé ọmọ, àrùn tó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó rí i, nítorí wọ́n ti sọ fún un láti ọmọdé pé bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe gbogbo obìnrin.

Ẹni tí wọ́n bá ní kó máa lọ sílé, kó béèrè ohun mẹ́ta kó tó dìde lórí àga: kí ni ẹ rò pé kì í ṣe? Àmì wo ni mo máa rí tí mo fi ní láti padà wá lóru òní? Bí kò bá sì sí àmì kankan, ọjọ́ wo ni kí n wá kí ẹ tún tẹ ikùn mi wò? Ìbéèrè kẹta yìí ni kó tẹnu mọ́ jù, nítorí ọwọ́ dókítà kan náà tó tẹ ikùn lálẹ́, tó tún tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, lè mọ ìyàtọ̀ tí skáànù ìrọ̀lẹ́ ò rí.